Ẹni tó mọ̀wé kọ́ ni tíṣà

Ẹ sọ ọ́ nínú dánfó tó ń lọ sí Ọbáléndé pé ọmọ yín ń ka Education ní UNILAG, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni pé "ṣé Law ni wọn ò fún un ni, àbí máàkì JAMB ẹ̀ ló kéré?" Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá ti mọ ìṣirò, ó ti lè fi kọ́ ọmọ nìyẹn, kí ló wá kù téèyàn máa fi odidi ọdún mẹ́rin kọ́, tàbí ọdún mẹ́ta fún NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tíṣà tí wọ́n ń gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? NYSC náà tún wá dá kún un, torí àtọdún 1973 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ la ti ń rí kọ́pà tó ka nǹkan mìíràn pátápátá tí wọ́n kàn jù sí kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ tíṣà.

Irọ́ ni o. Ẹ wo ọmọ praímárì kan ní Bàrígà tó kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5. Ẹni tó gbóná nínú ìṣirò, kódà kó ka Engineering, á fi báírò pupa fa igi sí i, á kọ 5/6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó parí. Tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ti mọ ibi tọ́mọ yẹn gbà débẹ̀, pé ó ro tòkè pọ̀ mọ́ tòkè, ó ro tìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Kò ní tíì sọ ìdáhùn fún un. Á ní kó gé búrẹ́dì Agége sí márùn-ún kó mú méjì, ṣé ìyẹn tó ìdajì? Kò tó. Ó dáa, báwo lo ṣe ní ìdajì lọ́wọ́, tí mo tún fún ẹ sí i, tó wá kéré sí ìdajì? Ọmọ yẹn á fọwọ́ ara ẹ̀ tú u.

Ìmọ̀ ọ̀tọ̀ lèyí. Lọ́dún 1986, Lee Shulman tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford l'Amẹ́ríkà fún un lórúkọ, ó pè é ní pedagogical content knowledge, ìyẹn ni pé kéèyàn mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń rú ọmọ lójú àti bó ṣe máa là á yé e.

Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká lọ jìnnà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1970 òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praímárì ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá dúró lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tíṣà yẹn gbọ́ Yorùbá láti inú ilé wá o, síbẹ̀ wọ́n ní láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi kọ́ni, wọ́n tún kọ ìwé tuntun sí i.

Iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ń kọ́ ní UNILAG l'Akọka àti ní LASUED, yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjànikín àti ti Nọfọríjà l'Ẹ́pẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2022. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe micro-teaching, ẹ máa dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè nìkan lẹ máa fi ṣe é, wọ́n á sì sọ ibi tó kù sí fún yín. Lẹ́yìn náà ni TP, ìyẹn teaching practice, tí wọ́n á rán yín lọ kọ́ni ní ilé ìwé gidi. Ibẹ̀ gan-an nìṣòro wà ṣá, torí àwọn ilé ìwé kan, bí wọ́n bá ti rí ọmọ TP báyìí, tíṣà tó ni kíláàsì ti ríbi sinmi nìyẹn, supafáísọ̀ náà á sáré yọjú lẹ́ẹ̀kan kí gosíló tó mú un. Ẹni tó bá fi irú TP yẹn gba sátífíkéètì, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí kọ́pà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní B.Sc., tó wá wù yín láti di tíṣà, ẹ ò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti 100 level. PGDE wà, ìyẹn díplómà iṣẹ́ tíṣà fún ẹni tó ti gba dìgírì, UNILAG ń ṣe é, NTI (National Teachers' Institute) náà ń ṣe é, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ lè wá jókòó ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ yín sínú ìwé.