Ìlera lọ́jọ́ ogbó

Ìlera lọ́jọ́ ogbó ni gbogbo ohun téèyàn ń ṣe kí ara ẹ̀ lè gbé e dalẹ́, kì í ṣe kó kàn pẹ́ láyé, àmọ́ kó ṣì lè dá wẹ̀, kó dá wọṣọ, kó dá jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan ń fà á lọ́wọ́. Bí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ṣe ń wò ó nìyẹn: èèyàn lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kó ṣì máa darúgbó dáadáa, tó bá ṣáà ti lè ṣe nǹkan tó jẹ ẹ́ lógún. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Iṣan àti agbára ẹsẹ̀

Látìgbà téèyàn bá ti ń lé ní 30 ọdún ni iṣan ti ń joro díẹ̀díẹ̀, tó bá wá di 60 sókè ó máa ń yára sí i, pàápàá fẹ́ni tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Irwin Rosenberg, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1989, ó pè é ní sarcopenia, ó fà á yọ látinú èdè Gíríìkì, torí lójú tiẹ̀, nǹkan tí ò bá lórúkọ, kò sẹ́ni tó máa kà á sí. Itan ló sábà máa ń hàn sí. Ẹni tó bá ti ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó dìde lórí àga, wọ́n á ní ara àgbà ni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé iṣan itan ló ti rọ, iṣan itan dẹ̀ ṣeé dá padà.

Lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà mú arúgbó 10 nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 86 dé 96, wọ́n ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn 9 ló parí ẹ̀, agbára ẹsẹ̀ wọn dẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 174 nínú 100 lé sí i, àwọn méjì tiẹ̀ pa ọ̀pá tì. Èèyàn 10 ò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e náà fi hàn pé irú eré ìmárale yìí ń fún iṣan àgbà lágbára.

Ìlànà tí WHO gbé jáde lọ́dún 2020 ní kí àwọn tó ti pé 65 máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kí èémí yára díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kí wọ́n fi ọjọ́ 2 ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára, kí wọ́n tún fi ọjọ́ 3 ṣe èyí tó ń kọ́ ara bó ṣe máa dúró láìta gbọ̀n-ọ́n. Ìkẹyìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò jù.

Ti ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ tí wọ́n máa ń sọ, kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá o, ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n ń tà ní Jàpáánì lọ́dún 1965, ló gbé e jáde. Nínú ìwádìí tí olùṣèwádìí kan, I-Min Lee, gbé jáde lọ́dún 2019 lórí àwọn àgbà obìnrin, àwọn tó ń rin bí 4,400 lójúmọ́ ò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, tó bá sì ti tó bí 7,500 àǹfààní ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ náà ló ń lè rìn, torí náà a ò lè sọ pé ìrìn nìkan ló ṣe é.

Ìṣubú

WHO ṣírò pé bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dún kárí ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ló dẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Tí egungun ìbàdí bá kán lágbà, ọ̀pọ̀ ò ní padà rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ẹyọ nǹkan kan ló fà á: ẹsẹ̀ tó ti rọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, sálúbàtà tó ti fẹ̀, ilẹ̀ bálùwẹ̀ tó ń yọ̀, oògùn oorun, gbogbo ẹ̀ á wá pàdé lóru ọjọ́ kan tó dìde láti lọ tọ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí ò gba irinṣẹ́, Timed Up and Go ni wọ́n ń pè é, 1991 ló jáde: èèyàn á dìde lórí àga, á rin mítà 3, á yí padà, á tún wá jókòó. Tó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Táì chí, eré ìmárale àwọn ará Ṣáínà téèyàn máa ń rọra ṣe, wà lára ohun tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń dín ìṣubú kù. Kéèyàn fẹsẹ̀ kan dúró létí tábìlì tó lè dì mú náà dáa láti fi bẹ̀rẹ̀.

Sìgá, oúnjẹ, oorun

Dókítà Richard Doll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin ní Bìrìtéènì fún 50 ọdún, látọdún 1951. Àwọn tí ò jáwọ́ nínú sìgá fi bí ọdún 10 kú ṣáájú àwọn tí ò mu ún rárá, ẹni tó jáwọ́ ní 60 gba bí ọdún 3 padà. Ní ti oúnjẹ, WHO ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, iṣan àgbà náà dẹ̀ nílò púrótéènì, kí wọ́n má sì dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n kí wọ́n tó mumi torí òùngbẹ kì í tètè hàn lára àgbà. Ní ti oorun, wákàtí 7 sí 8 lóru ló dáa.

Etí àti ọpọlọ

Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ lọ́dún 2024 pé tí wọ́n bá lè bójú tó nǹkan 14 kan, ó ṣeé ṣe kí bí ìdá 45 nínú 100 àwọn tó ń ní dementia, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn máa gbàgbé nǹkan, má ní in tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Etí dídi, àìríran dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru àti kéèyàn máa dá wà wà lára wọn. Ẹni tí ò gbọ́ràn mọ́ máa ń yẹra fáwọn èèyàn, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lè ràn án lọ́wọ́.

Oògùn

Bí oògùn ṣe ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí dókítà tàbí apòògùn máa tún un yẹ̀ wò, torí òmíràn ti lè máa di ewu. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì téèyàn bá dìde, kójú sì yí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àgbà pé kó kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fúngbà díẹ̀, kó mi ẹsẹ̀, kó tó dìde dúró.