Ọmọ tí kò fẹnu kan ọtí rí, báwo ni ọ̀rá ṣe kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀?

Ṣé lóòótọ́ ni àìsàn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ń mú ọmọdé?

Ó ń mú wọn. Ọ̀mùtí nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ ẹ̀dọ̀ bíbàjẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ya òbí lẹ́nu. Ní San Diego, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ 742 tó kú láàárín 1993 sí 2003 wò, láti ọmọ ọdún 2 títí dé 19. Ìṣirò wọn fi hàn pé bí ọmọ 1 nínú 10 ló ní in. Láàárín àwọn tó sanra jù, ó tó 38 nínú 100.

Ọmọ mi kì í jẹ ẹran ọlọ́ràá. Níbo ni ọ̀rá ti wá?

Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Oríṣi ṣúgà méjì ló wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò: glúkóòsì, tí gbogbo ara ń lò, àti frúkítóòsì, tó jẹ́ pé ọrùn ẹ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń já sí. Tó bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ á sọ àṣẹ́kù di ọ̀rá. Ìgò 35cl kan lè ní ṣúgà gíráàmù 35, ìyẹn bíi hóró ṣúgà onígun mẹ́sàn-án. Ìyá wo ló máa da mẹ́sàn-án sínú ẹ̀kọ ọmọ? Ṣùgbọ́n a ó ra ìgò náà fún un, a ó tún ní kó má dà á nù.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 kó ọmọkùnrin 40 jọ, ọmọ ọdún 11 sí 16, tí gbogbo wọn ní àìsàn yìí. Fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ṣúgà àfikún kúrò pátápátá nínú oúnjẹ àwọn kan, tilétilé ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn wálẹ̀ láti 25 nínú 100 sí 17. Ti àwọn tó ń jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ju láti 21 sí 20 lọ.

Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mi dúdú, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ṣé ó kan ẹ̀dọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Awọ tó ṣú, tó nípọn, tó rí múlọ́múlọ́ lẹ́yìn ọrùn tàbí lábẹ́ abíyá kì í ṣe ìdọ̀tí. Ínsúlínì, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà, tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà ń fà á, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rá ń gbà dé ẹ̀dọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọrùn dúdú ló ní àìsàn nínú o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó sanra bá ní in, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ẹ, kì í ṣe kí wọ́n máa pè é ní ọ̀bùn níléèwé.

Ṣé ẹ̀dọ̀ náà máa ń dun ọmọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dùn ún.

Àyẹ̀wò wo ni ká ṣe?

ALT ni wọ́n ń pè é, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, àti ọmọ ọdún 9 sí 11 ni wọ́n ní ká ti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó sanra jù. Ẹ ṣọ́ra níbí: kò yẹ kó kọjá 22 fún ọmọbìnrin, 26 fún ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé èsì ló ń kọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkè tó dáa. Ẹ béèrè nọ́ńbà gan-an. Bó bá ga, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ hepatitis B, àrùn kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wò, torí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Skáànì sì lè máà rí ọ̀rá tí kò tíì pọ̀.

Oògùn wà? Àgbo afọ-ẹ̀dọ̀ ńkọ́?

Kò tíì sí oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọmọdé; èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2024, àgbàlagbà ló wà fún. Ní ti àgbo, ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn yẹn náà ni yóò lọ̀ ọ́, àwọn ewé kan sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èmi ò ní fún ọmọ mi. Ẹ má febi pa á náà: ọmọ tó ń ga, tí ìwúwo rẹ̀ dúró sójú kan, ti ń já fáfá.

Júùsì ọsàn tí mo fún nílé ńkọ́? Kò ní ṣúgà.

Ó ní. Ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wọ ife kan, ó sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bó ọ̀kan fún un, kó jẹ ẹ́ tẹrantẹran, kó fi omi sìn ín.