Bí a kò bá rí i nínú PubMed, ṣé iṣẹ́ kọ́ ló fa àrùn náà?

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn tó ń wá ẹ̀rí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn dókítà kan pàápàá sì gbà á gbọ́: bí ènìyàn bá tẹ orúkọ àrùn kan àti orúkọ iṣẹ́ kan sínú PubMed, ìyẹn àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì rí ìwé ìwádìí kankan, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò lọ́wọ́ nínú àrùn ọ̀hún. Ìgbàgbọ́ òdì ni èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gúgúrú kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2000, dókítà kan fi tó ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ náà létí pé ènìyàn 8 tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ní àrùn bronchiolitis obliterans, èyí tó máa ń dí àwọn ihò tíntìntín inú ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í sábà gbóògùn. Ká ní ẹnì kan ti wá gúgúrú pẹ̀lú àrùn yìí nínú ìwé ìṣègùn ní ọdún kan ṣáájú, òfo ni ì bá bá, bẹ́ẹ̀ mímí ti ń nira fún àwọn ènìyàn náà nígbà yẹn. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, yẹ ibẹ̀ wò. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2002, fi hàn pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣe fa oru diacetyl símú tó, ìyẹn èròjà tó ń fún gúgúrú ní adùn bọ́tà, ni èémí rẹ̀ ṣe ń dí tó. (Wọ́n ti ka èròjà yìí sí ohun tí kò léwu láti jẹ, fífà á símú lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kò rò.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé NIOSH kan náà ti lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń po èròjà fún àwọn oníbúrẹ́dì ní Indiana ní nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú, níbi tí òṣìṣẹ́ 2 ti ní irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ èròjà tó fà á gan-an nígbà náà, inú ìjábọ̀ ìjọba ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tó gbára lé ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn nìkan kò ti lè bá a pàdé.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá nǹkan náà tún ń tan ni jẹ. Àwọn tó ń bójú tó PubMed máa ń fi àwọn àkọlé kan tí wọ́n ń pè ní MeSH sára ìwé, "occupational diseases" àti "occupational exposure" sì wà lára wọn. Àmọ́ ìwé tó kàn mẹ́nu ba iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè má ní àkọlé yìí rárá, nítorí náà ó yẹ kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ lásán bíi "workers" kún un. Ó sì sàn kí a wá ohun tó wà nínú iṣẹ́ ju orúkọ iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń tọpa ikọ́ aládìrẹ kan ní Ìtókú, ní Abẹ́òkúta, tó sì tẹ "adire" nìkan, ìba díẹ̀ ni yóò rí. Kí ó tẹ àwọn èròjà tí aládìrẹ ń lò, sóódà kọ́síìkì, hydrosulphite àti aró òyìnbó, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè wọ́n. Kí ó dé African Journals Online pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ Áfíríkà kò sí nínú PubMed.

Bí ìwádìí bá tilẹ̀ wà tí kò rí nǹkan kan, ẹ bi í léèrè pé òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, àti pé ta ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn 8 ti Missouri ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá yẹ kìkì àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wò yóò fo àwọn tí àìsàn náà mú jù.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ka àrùn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a ń sanwó lé lórí. Nítorí náà, dókítà tó bá ń kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó fi wá ẹ̀rí, ibi tó wá a dé àti ọjọ́ tó wá a, kí ó sì ya "mi ò rí ìwádìí kankan" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìwádìí ti fi hàn pé iṣẹ́ kọ́ ló fà á."