Ítálì Ló Bí Ballet, Faransé Kàn Gbà Á Tọ́ Ni

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an. Ẹ ṣáà ti dárúkọ ballet, ijó orí ìtàgé tí wọ́n sábà máa ń fi sọ ìtàn, Paris lẹnu gbogbo èèyàn á lọ, torí pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń pe ìṣísẹ̀ inú ẹ̀. Ṣé ìyẹn wá ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni?

Àwọn Gíríìkì ló kọ́kọ́ ní ojú agbo tó rí roboto nínú tíátà wọn, orchestra ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ làwọn ègbè ti ń kọrin tí wọ́n sì ń jó, wọn ò ya orin àti ijó sọ́tọ̀. Àmọ́ Róòmù lọ̀rọ̀ ti wá dùn. Láyé Augustus, olú ọba Róòmù, àwọn oníjó méjì, Pylades àti Bathyllus, gbé pantomime yọ: ọkùnrin kan ṣoṣo á gbé ìbòjú wọ̀, kò ní la ẹnu rárá, ọwọ́ àti ara ló máa fi sọ ìtàn látòkèdélẹ̀, tó bá ti di ẹlòmíì nínú ìtàn á pààrọ̀ ìbòjú, àwọn ègbè á máa bá a kọrin lẹ́yìn. Àwọn olólùfẹ́ wọn sì máa ń bára wọn jà nígboro! Nígbà tó yá àwọn bíṣọ́ọ̀bù bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n èmi gbà pé kò kú, àwọn alárìnjó ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, torí kò sí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa kàn pòórá.

Ẹ wò ó, kó tó di 1460 ni Domenico da Piacenza, olùkọ́ ijó ní Ítálì, ti kọ ìwé lórí ijó, Guglielmo Ebreo tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kọ tiẹ̀ ní 1463. Ní 1489, ní Tortona ní Ítálì, Bergonzio Botta se àsè fún duke tó ń ṣàkóso Milan àti ìyàwó ẹ̀, wọn ò kàn gbé oúnjẹ kalẹ̀ o, ijó ni wọ́n fi ń gbé e wọlé, àwọn oníjó ṣe bí àwọn ẹni inú ìtàn àtijọ́: Jason gbé àgùntàn tiẹ̀ wá, Atalanta gbé ẹlẹ́dẹ̀ igbó, Diana gbé àgbọ̀nrín. Kí la tún fẹ́ pe ìyẹn?

Àwọn ará Faransé á ní ti 1581 ni àkọ́kọ́, Balet comique de la Royne, eré ijó tí wọ́n ṣe láàfin ọba Faransé, tó gba bíi wákàtí márùn-ún. Ta ló ṣètò ẹ̀? Beaujoyeulx, ọmọ Ítálì tó ń jẹ́ Baldassare da Belgioioso tẹ́lẹ̀. Ta ni ìyá ọba Faransé nígbà yẹn? Catherine de' Medici, ọmọ Florence, tó wá ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní 1533.

Ọ́pẹ́rà náà, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, Florence ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, Peri tó jẹ́ olórin ṣe Dafne ní 1598, olórin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Monteverdi, ṣe Orfeo ní Mantua, ní Ítálì náà, ní 1607, moresca ló sì fi parí ẹ̀, ijó táwọn èèyàn ti ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ jó láyé ìgbà yẹn. Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, múra bí oòrùn jó nínú ballet ní 1653, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní 1661, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Lully tó wá ń ṣọ́pẹ́rà fún un ńkọ́? Florence ni wọ́n bí òun náà sí, Giovanni Battista Lulli lorúkọ ẹ̀.