Origami nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìpolongo ẹranko igbó

Origami ni iṣẹ́ ọnà bébà kíká tó gbilẹ̀ ní Jàpáánì. Bébà kan ṣoṣo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ni wọ́n sábà máa ń lò, láìsí àlùmọ́gàjí, láìsí gọ́ọ̀mù. Ẹyẹ àti ẹranko wọ́pọ̀ gan-an nínú ohun tí wọ́n ń fi bébà ṣe. Àwọn olùkọ́ náà ń lò ó láti kọ́ni ní ìṣirò, pàápàá jẹ́ọ́mẹ́tìrì.

Ìtàn

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, fi bébà kíká kún eré ìdárayá àwọn ọmọdé. Ní 1893, T. Sundara Row tẹ ìwé kan jáde ní Madras, ní Íńdíà, tó fi bébà kíká ṣàlàyé jẹ́ọ́mẹ́tìrì. Ní 1936, Margherita Beloch ará Ítálì fi hàn pé bébà kíká lè yanjú ìdọ́gba tó ní x³, èyí tí agbára rúlà àti kọ́ńpáàsì kò ká ní gbogbo ìgbà.

Nínú kíláàsì

Àpẹẹrẹ tó fakọyọ ni ti Kazuo Haga, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ní Jàpáánì. Ká ní gígùn ẹ̀gbẹ́ bébà jẹ́ 1. A ó sàmì sí àárín ẹ̀gbẹ́ òkè, a ó gbé igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún wá bá àmì náà, a ó sì tẹ bébà náà pẹ́ẹ́. Onígun-mẹ́ta kan yóò yọ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3/8, 1/2 àti 5/8: 3, 4, 5 ti Pythagoras nìyẹn. Lọ́wọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ tó ti yí sókè yóò kọjá lórí ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tó fi 2/3 jìnnà sí òkè, onígun-mẹ́ta kejì yóò sì yọ níbẹ̀. A ti rí ìdá mẹ́ta bébà láì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni yóò wá wádìí ìdí tí àwọn onígun-mẹ́ta méjèèjì fi jọra.

Bí a bá tú ẹyẹ tí a ti ká pẹlẹbẹ, ìlà tó yọ àti ìlà tó rì yóò hàn. Níbikíbi tí ìlà ti pàdé láàárín bébà, ìyàtọ̀ láàárín iye ìlà tó yọ àti iye ìlà tó rì jẹ́ 2. Òfin Maekawa nìyí. Òfin Kawasaki ní kí a máa fo igun kan mú ọ̀kan yí ojú ìpàdé náà ká: àròpọ̀ wọn yóò jẹ́ dìgírì 180. Ṣùgbọ́n kíláàsì tó bá dúró lórí ẹyẹ nìkan kò tíì dé ìdí ìṣirò.

Ẹranko igbó

Akira Yoshizawa (1911–2005), ọ̀gá origami ní Jàpáánì, máa ń fi omi rin bébà díẹ̀, kí ara ẹranko lè rí rìbìtì. Robert J. Lang, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà ìṣirò: ẹsẹ̀ tàbí ìwo kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń gba àyè róbótó kan lórí bébà, àwọn róbótó náà kò sì gbọdọ̀ gun ara wọn. Ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, TreeMaker, ló ń wá ibi tí wọn yóò wà.

Ní 2014, Sipho Mabona, oníṣẹ́ ọnà origami, fi bébà kan tó jẹ́ mítà 15 ní ìbú àti gígùn ká erin kan ní Switzerland, tó ga ju mítà 3 lọ. Ní 2016, Wildlife Conservation Society, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, pàtẹ erin bébà 78,564 ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, láti pe àkíyèsí sí pípa tí wọ́n ń pa erin nítorí eyín rẹ̀.