Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni Apollo

Bí ojú èèyàn bá pọ́n ládùúgbò wa, kó tó délé ni wọ́n á ti sọ fún un pé Apollo ló mú un. Ọ̀kan á ní kó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, òmíràn á ní kó wá ìyá ọlọ́mọ kó fún omi ọyàn sí i. Bí ìyẹn ò bá ràn án, ó di kẹ́míìsì. Oníkẹ́míìsì á wo ojú náà láti ẹ̀yìn káńtà, á sì na ọwọ́ mú oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí, torí àìsàn kan wà tó jọ Apollo, tí oògùn yẹn sì lè sọ di ìfọ́jú.

Apollo wà lóòótọ́. Lọ́dún 1969 ni irú èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ sínú funfun ojú bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ó máa ń ran ará ilé àti ará ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sábà máa ń mú ojú méjèèjì, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ herpes simplex ló ń fà á, irú kìíní rẹ̀ ló sì pọ̀ jù lójú. Àwọn kan ti gbọ́ orúkọ yìí mọ́ àìsàn abẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wo aláìsàn bí oníṣekúṣe. Ìyẹn ò tọ̀nà rárá. Ọ̀pọ̀ ló ti kó irú kìíní yìí láti kékeré, nínú itọ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àlejò tó fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ò tíì pé 50 ọdún lágbàáyé ló ní in lára, gẹ́gẹ́ bí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá a lójú rẹ̀ kò jẹ ọkọ, aya tàbí àna ní àlàyé kankan.

Tó bá ti wọlé, ó máa ń fara pamọ́ sínú iṣan tó ń mú ìmọ̀lára wá sí ojú àti ètè. Ibà, oòrùn líle tàbí wàhálà lè jí i. Òun náà ló ń mú kí ètè bú lẹ́yìn ibà. Lára àwọn mìíràn, ojú ló ń gbà jáde.

Ojú kan ló sábà máa ń mú. Omi ló máa ń dà níbẹ̀ ju ìpin lọ. Ìmọ́lẹ̀ á máa gún ojú, yóò dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìríran á sì ṣú. Ohun kan wà tó ń tan èèyàn jẹ: bí àìsàn náà ṣe ń padà wá ni iṣan ojú ń kú díẹ̀díẹ̀, ìrora á dín kù, aláìsàn á sì rò pé ara ti yá. Dókítà ojú á kán aró sí i, á fi iná aláwọ̀ búlúù wò ó, á sì rí egbò tó yọ ẹ̀ka bí igi lórí awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ẹyinjú.

Wàyí o, oògùn kẹ́míìsì. Púpọ̀ nínú wọn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú àti pupa lọ sílẹ̀. Ẹ wo ara ike náà bóyá ẹ óò rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone. Wọ́n tilẹ̀ sábà máa ń pò ó mọ́ neomycin, tí èèyàn á fi rò pé oògùn apakòkòrò lásán ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan pupa ojú á ti dín kù, ẹni náà á sì máa yin oníkẹ́míìsì. Àṣé agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni oògùn ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì á máa pọ̀ sí i, egbò á fẹ̀, á jinlẹ̀, àpá rẹ̀ á sì bo ìríran. Àwọn dókítà náà máa ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù nígbà tí àìsàn yìí bá wọ inú awọ iwájú ẹyinjú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á fi oògùn tó ń kojú fáírọ́ọ̀sì tì í lẹ́yìn, wọ́n á sì máa yẹ ojú wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe kán oògùn tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn. Ìtọ̀ àti omi ewé ńkọ́? Kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń gbé wọ egbò tó ti là sílẹ̀.

Ó ní oògùn. Aciclovir tí a ń fi sójú lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, tàbí oníhóró rẹ̀, ló wọ́pọ̀ jù, egbò tí kò jìn ju òkè awọ náà lọ sì sábà máa ń jinná láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní kúrò lára. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, àwọn tó lo hóró 400 miligíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọdún kan, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún padà mú; lára àwọn tí ò lò ó, 32 ni. Ẹni tó bá ti ń padà mú, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa èyí.

Bí ojú kan ṣoṣo bá pọ́n, tó ń dunni, tí ìríran sì ṣú, ẹ bọ́ awò tí ẹ fi lẹ ẹyinjú bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà. Ẹ mú gbogbo ike oògùn tí ẹ ti kán dání, títí kan èyí tó ti tán.