Fèrèsé òkè òkun àbí èyí tí a ṣe níhìn-ín: ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́lé l'Ábẹ́òkúta wò kó tó sanwó

Bí wọ́n bá ti kan òrùlé tán báyìí, ìbéèrè tó máa ń kàn lẹ́nu àwọn oníbàárà wa ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká ra fèrèsé tó ti òkè òkun wá ni, àbí kẹ́ ẹ bá wa ṣe é níhìn-ín?" Ọ̀pọ̀ wọn á ti rí fọ́tò kan lórí WhatsApp, fèrèsé láti Ṣáínà tàbí Tọ́kì, tó funfun nini, tó ní gíláàsì méjì-méjì. Èsì mi kì í pẹ́: fún èyí tó pọ̀ jù nínú yàrá ilé tí à ń kọ́ nílùú yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é níhìn-ín. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ẹ má sọ pé mi ò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná.

Fèrèsé tí wọ́n gé ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Òkè-Ìléwó, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà lórílẹ̀-èdè yìí tó ń tẹ alumíníọ́ọ̀mù jáde ní ọ̀pá gígùn, àmọ́ ọ̀pá Ṣáínà náà kún ọjà, gíláàsì tí a sì ń fi sí i, ọkọ̀ ojú omi ló gbé púpọ̀ rẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí owó fèrèsé tiwa náà fi gbẹ́nu sókè lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, tí dọ́là kan tó ń lọ ní bíi 470 náírà fi kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ohun tó jẹ́ tiwa gan-an nínú fèrèsé náà ni wíwọ̀n, gígé àti dídè. Ibẹ̀ sì ni fèrèsé ti ń dára tàbí kó bàjẹ́.

Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ojú fèrèsé mélòó kan nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní Ọbáńtokò. Lórí ìwé àwòrán, 1,200 mílímítà ni gbogbo wọn, níbùú àti lóròó. Lára ògiri, ẹ óò rí 1,190, ẹ óò rí 1,215, ẹ óò tún rí èyí tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá tún wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọ̀tún á jẹ nínú àyè, òsì á jẹ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é níhìn-ín á dúró kí wọ́n rẹ́ ògiri tán. Á wọn ojú kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín, nísàlẹ̀, á tún wọn ọ́n láti igun dé igun, èyí tó kéré jù ni yóò sì fi gé ọ̀pá.

Ẹni tó ń kó ọjà láti òkè òkun kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ìwọ̀n ránṣẹ́ nígbà tí ilé ṣì wà ní fáńdéṣọ̀n, nítorí kí ọjà tó gba Àpápá tàbí Lẹ́kkí dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù ti gorí oṣù. Bó bá wá dé, tí kò wọ ojú ògiri, ṣísù ni wọn á fi máa gbẹ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́ dán. Bó bá sì kéré, fóòmù ni wọn á fọ́n sí àlàfo rẹ̀. Fóòmù yẹn, bí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún oòrùn láìbò ó, á gbẹ, á máa rún bí àkàrà ìjẹta, òjò á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ti ojú ọjọ́ ńkọ́? Gíláàsì méjì tí wọ́n pa àyè sí láàárín, ìlú olótùútù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kí ooru inú ilé má bàa jáde. Tiwa yàtọ̀. Ìwọ̀n dígírì 7 péré ni Abẹ́òkúta fi jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ń gba orí wa gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àpáta tó yí wa ká á gba ooru lọ́sàn-án, á sì máa tú u sílẹ̀ lálẹ́. Bí wọn ò bá fi èròjà tó ń dá ooru oòrùn padà kun ọ̀kan nínú gíláàsì méjèèjì, ìtànṣán á gba inú wọn kọjá. Ẹ wá gbé e sí yàrá tó ní ẹ́síì ṣùgbọ́n tí kò ní iná: ooru wọlé, kò rọ́nà jáde.

Yàrá tó bá gbójú lé atẹ́gùn, bí fèrèsé ṣe ń ṣí tó ni kẹ́ ẹ wò. Sliding, èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ló ń ṣí. Casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátápátá. Lúfà àtijọ́ pàápàá ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ju sliding lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ọyẹ́ àti olè náà fẹ́ràn rẹ̀. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ló máa ń jìyà jù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti rẹlẹ̀ ju kí etí òrùlé lè bò ó. Níbẹ̀, ẹ dín fèrèsé kù, tàbí kẹ́ ẹ fi gíláàsì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Igi máńgòrò kan lójú ibẹ̀ sì wúlò ju gíláàsì olówó ńlá lọ. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ní tirẹ̀, láti ìlà-oòrùn ló sábà ń já wá, nítorí náà ẹ wo rọ́bà etí fèrèsé apá ibẹ̀ dáadáa.

Fèrèsé oníke tí wọ́n ń pè ní uPVC ò burú o. Kì í dípẹtà, kì í gbóná bí alumíníọ́ọ̀mù. Àmọ́ ike tí wọ́n pò fún oòrùn Jámánì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pò fún ilẹ̀ olóoru. Ẹ bi olùtajà léèrè. Bó bá jẹ́ fèrèsé ńlá, ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà: bí kò bá lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀, wọn ò fi irin sí i nínú, yóò sì wọ́ tó bá yá.

Ìyá kan ní Ìbarà pè wá pé kí a wá nu fèrèsé àwọn, pé ó ń kùukùu. Akísà ò lè ṣe nǹkan kan fún un, nítorí àárín gíláàsì méjèèjì ni omi wà. Ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ti já létí, ọ̀rinrin sì ti wọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dí i padà nílùú yìí. Odidi gíláàsì tuntun ni wọn ì bá pàṣẹ láti ibi tó ti wá. Hándù tó ṣẹ́ lára òmíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọn ò rí irú rẹ̀ rà. Bó bá jẹ́ sliding tiwa ni, róólà rẹ̀ wà ní Kútọ̀, ẹnìkan á sì dè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ti òkè òkun. Bí yàrá yín bá kọjú sí ojú irin Láfẹ́nwá, tí ariwo ń dà yín láàmú, tàbí tí ẹ ní sólà tó ń gbé ẹ́síì tọ̀sán-tòru, gíláàsì méjì lè jẹ owó rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn ra hándù àti íńjì ìpààrọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi pa mọ́.

Èyí tí a ń ṣe níhìn-ín náà ní màgòmágó tirẹ̀. Ọ̀pá tó fẹ́lẹ́ ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi gígékù ọ̀pá náà hàn yín. Bí ẹ bá lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ máà gbà á. Èkejì kò hàn sójú: nísàlẹ̀ férémù sliding, níta, ó yẹ kí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí omi òjò fi ń jáde. Àwọn kan kì í lu ú rárá. Àwọn mìíràn á lu ú, ẹni tó ń fi sílíkóónù dí etí á tún fi sílíkóónù dí i pa. Òjò á rọ̀, omi á kún ojú ọ̀nà tí fèrèsé ń gbà, á sì ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ bu omi ife kan sí ojú ọ̀nà náà, ẹ bọ́ síta, ẹ wò ó. Bí omi ò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pè wọ́n padà. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan fi rọ́bà omi fọ́n ọn láti ìta nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú yàrá, tó ń fọwọ́ gbo ògiri abẹ́ fèrèsé.